Ayálégbé Tàbí Onílé? Ìtàn Àdéhùn Ilé Rírà ní Chicago

Àwọn àgbà tí ó mọ ayé àtijọ́ kò lè ṣàì mọ Òṣómàáló. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tí ń kiri aṣọ ni wọ́n. Wọn a gbé aṣọ fún ènìyàn láwìn, wọn a dá ọjọ́ tí yóò san díẹ̀, wọn a sì dá ọjọ́ tí yóò san ìyókù. Bí ọjọ́ bá pé tí onígbèsè kò rí owó san, Òṣómàáló yóò wá lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, yóò ní òun kò níí dìde àfi bí òun bá gba owó òun. Ibẹ̀ ni orúkọ wọn ti wá. Ìtìjú ńlá ni fún ẹni tí ó jẹ gbèsè, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á kíyè sí ohun kan. Láti ọjọ́ tí aṣọ ti kúrò lọ́wọ́ Òṣómàáló ni ó ti di ti ẹni tí ó rà á. Ó lè ti rán an, kí ó sì ti wọ̀ ọ́ lọ sí òde ìyàwó. Owó aṣọ ni ó jẹ, kì í ṣe aṣọ ni ó yá. N kò tíì gbọ́ ọ rí pé Òṣómàáló gba ṣílè mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, kí ó tún wá bọ́ aṣọ lára oníbàárà rẹ̀, kí ó sì gbé e lọ tà fún ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀fà yàtọ̀ sí èyí. Ẹni tí ó bá fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà nítorí owó, oko olówó ni yóò máa lọ. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe níbẹ̀ sì ni èlé. Ìbáà ṣiṣẹ́ fún ọdún kan, ìbáà ṣe é fún ọdún mẹ́wàá, owó tí wọ́n yá kò dín ní kọ́bọ̀ kan. Ọjọ́ tí gbogbo owó náà bá pé ni ó tó lè ní òun bọ́.

Mo fi àwọn méjèèjì yìí ṣáájú nítorí pé àdéhùn kan wà láyé tí ojú rẹ̀ jọ ti Òṣómàáló, ṣùgbọ́n tí inú rẹ̀ jọ ti ìwọ̀fà. Òun ni àdéhùn tí ènìyàn fi ń gbé inú ilé ẹlẹ́ni, tí ó ń san owó lóṣooṣù, tí wọ́n sì ṣèlérí fún un pé nígbà tí owó bá pé, ilé di tirẹ̀. Ìbéèrè tí ó wà nídìí rẹ̀ kò gùn rárá: kí owó náà tó pé, kí ni a ó máa pe ẹni yìí? Ṣé ayálégbé ni, tàbí onílé? Ìtàn ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà ni mo fẹ́ fi dáhùn rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti jẹ àwọn ènìyàn níyà lọ́nà tí ó bani lẹ́rù, ibẹ̀ náà sì ni àwọn tí ń jìyà ti dìde.

Láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kìíní ni àwọn ènìyàn dúdú ti ń ṣí kúrò ní gúúsù Amẹ́ríkà, ní Mississippi, ní Alabama àti àwọn ìpínlẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń lọ sí àríwá. Wọ́n ń sá fún oko òwú tí kò mú èrè wá, wọ́n sì ń sá fún àwọn òyìnbó tí ń so ènìyàn kọ́ igi láìgbé e dé ilé ẹjọ́. Ní 1940, àwọn dúdú tí ó wà ní Chicago tó nǹkan bí 278,000. Nígbà tí ó fi máa di 1960, wọ́n ti lé ní 812,000. Kì í ṣe pé gbogbo wọn jẹ́ tálákà. Ọ̀pọ̀ wọn ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ẹran, ní ilé iṣẹ́ irin, ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Ọkọ ń ṣiṣẹ́, aya ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì ń fi owó pamọ́. Ohun tí wọn kò ní ni ẹni tí yóò yá wọn lówó ilé.

Ní 1934, ìjọba Amẹ́ríkà dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ tí ń jẹ́ Federal Housing Administration, láti máa ṣe onígbọ̀wọ́ fún ẹni tí ó bá yá owó ilé ní báǹkì. Nípa bẹ́ẹ̀, báǹkì kò bẹ̀rù mọ́ láti yá òṣìṣẹ́ lásán ní owó tí yóò fi ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ san. Òyìnbó tí kò ní ju owó oṣù rẹ̀ lọ wá di onílé. Ṣùgbọ́n ìlànà ọ́fíìsì yìí ka àdúgbò tí àwọn dúdú bá ń gbé sí ibi eléwu, kì í sì í fẹ́ ṣe onígbọ̀wọ́ níbẹ̀. Ọ́fíìsì ìjọba mìíràn ya àwòrán àwọn ìlú ńláńlá ní àkókò kan náà, ó sì fi àwọ̀ pupa kun irú àwọn àdúgbò bẹ́ẹ̀. Títí di 1948, ilé ẹjọ́ pàápàá a máa fi agbára òfin gbe àdéhùn tí àwọn òyìnbó bá ara wọn ṣe pé àwọn kò níí ta ilé àwọn fún ẹni dúdú. Ẹni méjì lè máa ṣiṣẹ́ kan náà, kí wọ́n máa gba owó kan náà, kí báǹkì ṣí ilẹ̀kùn fún ọ̀kan, kí ó sì tì í mọ́ èkejì.

Ibi tí báǹkì ti sá ni alágbàtà wọlé sí. Alágbàtà yóò lọ sí òpópó tí àwọn òyìnbó ń gbé, yóò dẹ́rù bà wọ́n pé àwọn dúdú ń bọ̀, pé iye tí ilé wọn tó yóò wálẹ̀ láìpẹ́. Àwọn tí ẹ̀rù bá bà yóò ta ilé wọn ní ọ̀pọ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò tún ilé kan náà tà fún ẹni dúdú ní ìlọ́po méjì owó rẹ̀, nígbà mìíràn ó tilẹ̀ ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí ó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé alágbàtà tìkára rẹ̀ a máa rí owó yá ní ilé ìfowópamọ́ láti fi ra ilé tí ẹni dúdú kò lè rí owó yá láti fi rà.

Báyìí ni àdéhùn náà ṣe rí. Olùrà yóò san àsansílẹ̀, yóò sì kó wọ inú ilé. Yóò máa san owó àti èlé lóṣooṣù fún ọdún mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ogún ọdún. Òun ni yóò san owó orí ilé, òun ni yóò san owó ìbánigbófò, òun ni yóò tún òrùlé ṣe bí ó bá ń jò. Ṣùgbọ́n ìwé ilé kò kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó tà á títí di ọjọ́ tí dọ́là tí ó kẹ́yìn bá wọlé. Bí olùrà bá kùnà ní oṣù kan ṣoṣo, ẹni tí ó tà á lè fagi lé àdéhùn, kí ó lé e jáde, kí ó sì mú gbogbo owó tí ó ti san. Lọ́jọ́ kejì yóò tún ta ilé náà fún ẹlòmíràn pẹ̀lú àdéhùn mìíràn. Ó gba owó tán, ó tún gba ọjà.

Ẹ jẹ́ kí á mú ẹnì kan. Clyde Ross wá láti Clarksdale ní Mississippi. Ó ti ṣe ológun fún Amẹ́ríkà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó sì dé Chicago ní 1947. Ní 1961, òun àti ìyàwó rẹ̀ ra ilé kan ní North Lawndale, ní apá ìwọ̀ oòrùn ìlú náà, ní 27,500 dọ́là. Oṣù mẹ́fà péré ṣáájú ìgbà náà, ẹni tí ó tà á fún wọn ti rà á ní 12,000. Kò pẹ́ tí wọ́n kó wọlé tí ẹ̀rọ tí ń mú ilé gbóná fi bàjẹ́. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ òtútù Chicago yóò mọ̀ pé èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Bí ayálégbé ni Ross ìbá jẹ́, onílé ni yóò tún ẹ̀rọ ṣe. Ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ fún un pé onílé ni.

Agbẹjọ́rò kan wà ní ìlú náà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Mark Satter, Júù ni. Ní 1957, tọkọtaya kan wá sí ọ́fíìsì rẹ̀ pé wọ́n fẹ́ lé àwọn jáde. Nígbà tí ó wo ìwé wọn, ó rí i pé ilé tí wọ́n rà ní 13,900 dọ́là, 4,300 ni ẹni tí ó tà á fún wọn fi rà á. Láti ọjọ́ náà ni Satter ti bẹ̀rẹ̀ sí pariwo nínú ìwé ìròyìn àti ní ilé ẹjọ́. Ó ṣírò pé nínú ilé 100 tí àwọn dúdú ń rà ní Chicago, nǹkan bí 85 ni wọ́n ń fi irú àdéhùn yìí rà. Kò rí ẹjọ́ náà já. Ó kú ní 1965, kò tíì pé àádọ́ta ọdún. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Beryl Satter, tí ó di onímọ̀ ìtàn, kọ ìwé ńlá lórí ọ̀rọ̀ náà ní 2009. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ìwé náà ni pé kò fi bàbá rẹ̀ ṣe òrìṣà: bàbá náà ní ilé tí ó fi ń gba owó ilé ní Lawndale, ọmọ náà kò sì fi èyí pamọ́ fún wa. Ní 2019, àwọn olùwádìí tí Yunifásítì Duke kó jọ ṣírò rẹ̀ pé owó tí àdéhùn yìí gbà lọ́wọ́ àwọn dúdú Chicago ní 1950 sí 1970 wà láàárín bílíọ̀nù mẹ́ta sí mẹ́rin dọ́là.

Èmi tí èdè ni mò ń kọ́, ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ mí lára ni bí wọ́n ti ń yí orúkọ ẹni kan ṣoṣo padà. Bí òrùlé bá ń jò, wọn a ní, "Onílé ni ọ́, tún ilé rẹ ṣe." Bí owó orí ilé bá dé, onílé ni. Ṣùgbọ́n bí oṣù bá yí tí kò rí owó san, wọn a gbé e lọ sí kóòtù kan náà tí wọ́n ń gbé ayálégbé lọ, lábẹ́ òfin kan náà, adájọ́ kì í sì í béèrè ju ẹyọ ìbéèrè kan lọ: ṣé o san owó tàbí o kò san án? Bóyá ilé tọ́ sí iye tí wọ́n tà á, bóyá ó ti san fún ọdún mẹ́wàá, ìyẹn kò kan adájọ́ náà. Níbi ìnáwó, onílé ni. Níbi ẹ̀tọ́, ayálégbé ni. Nínú èdè wa, orúkọ méjèèjì yìí kò pa pọ̀ sára ẹnì kan nínú ilé kan. Àwọn tí ó kọ ìwé àdéhùn náà mọ ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí wọ́n pa wọ́n pọ̀.

Martin Luther King wá gbé ní North Lawndale ní oṣù kìíní 1966, ó sì fi ìyà ọ̀rọ̀ ilé hàn gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ó ti lọ ni àwọn tí ọ̀rọ̀ àdéhùn kàn gan-an kó ara wọn jọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń kọ́ṣẹ́ àlùfáà Kátólíìkì, Jack Macnamara, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan wá sí àdúgbò náà, lábẹ́ ìjọ tí Àlùfáà John Egan ń darí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí, tí wọn kò dàgbà ju àwa tí a ń ka ìwé ìròyìn yìí lọ, lọ jókòó ti ìwé àkọsílẹ̀ ilẹ̀ àti ilé ní ọ́fíìsì ìjọba. Wọ́n ń tú u ní ojúewé kọ̀ọ̀kan láti mọ iye tí alágbàtà fi ra ilé kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ tí kò ní ariwo nínú ni, ṣùgbọ́n òun ni ó tú àṣírí. Títí di ìgbà náà, ìdílé kọ̀ọ̀kan ti rò pé òun nìkan ni ó gọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ojú ń tì wọ́n, wọn kì í sọ iye tí wọ́n ra ilé fún aládùúgbò. Ruth Wells wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ dìde sọ tirẹ̀ ní gbangba. Bí ó ti sọ ọ́ tán ni ẹlòmíràn dìde, lẹ́yìn náà ẹlòmíràn. Báyìí ni wọ́n ṣe dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, Contract Buyers League, tí mo lè pè ní Ẹgbẹ́ Àwọn Aládéhùn Ilé. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà gbilẹ̀, ìdílé tí ó wà nínú rẹ̀ ju 500 lọ. Clyde Ross wà nínú àwọn aṣáájú rẹ̀.

Ohun tí wọ́n béèrè kò pọ̀ lójú mi. Wọn kò ní kí á fún àwọn ní ilé lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ní kí alágbàtà jẹ́ kí á tún àdéhùn ṣe, kí á fi owó ilé sí iye tí ó tọ́, kí á sì ka gbogbo owó tí àwọn ti san mọ́ ọn. Wọ́n gbé pátákó lọ sí iwájú ọ́fíìsì àwọn alágbàtà, wọ́n gbé e lọ sí iwájú ilé wọn pẹ̀lú. Nígbà tí èyí kò ràn tó, ní oṣù kejìlá 1968, wọ́n pinnu pé àwọn kò san mọ́. Wọ́n ń ya owó náà sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n kò dé ọwọ́ alágbàtà.

Ewu ńlá ni wọ́n fi ara wọn sí, nítorí ìwé àdéhùn ti wí pé ẹni tí kò bá san ti pàdánù ohun gbogbo. Ní 1970, àwọn akódà kóòtù wá sí Lawndale pẹ̀lú àṣẹ, wọ́n ń kó bẹ́ẹ̀dì àti àga jáde sí ìta nínú òtútù. Bí wọ́n bá ti lọ tán, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yóò dé, wọn yóò gbé bẹ́ẹ̀dì àti àga padà wọlé. Kò sí ìdílé tí ó dá nìkan wà nínú ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Ní ọdún 1970 kan náà, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ìpínlẹ̀ Illinois dájọ́ kan tí ó ṣe pàtàkì: pé ẹni tí ó fi àdéhùn ra ilé kì í ṣe ayálégbé lásán. Bí wọ́n bá pè é lẹ́jọ́ láti lé e jáde, ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ fún adájọ́ pé àdéhùn náà fúnra rẹ̀ ní ẹ̀tàn nínú, adájọ́ sì gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Ní tèmi, èyí ni ó wúlò jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n rí gbà ní kóòtù, nítorí pé ìgbà yẹn ni òfin kọ́kọ́ yí orúkọ wọn padà. Ẹjọ́ ńlá tí wọ́n pè ní kóòtù ìjọba àpapọ̀, pé wọ́n fi àwọ̀ ara rẹ́ àwọn jẹ, kò yọrí sí rere. Ní 1976, àwọn ará ìlú tí a yàn láti dá ẹjọ́ ti apá ìwọ̀ oòrùn dá àwọn alágbàtà láre. Ojú tí wọ́n fi wò ó ni pé èrè ni àwọn alágbàtà ń wá, pé wọn ì bá rẹ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá bọ́ sí wọn lọ́wọ́ jẹ. N kò lè gba èyí wọlé. Ẹni tí ó bá dẹ pàkúté sí ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tí a fi sílẹ̀ fún ẹran kan, báwo ni yóò ṣe sọ pé òun kò mọ irú ẹran tí òun ń dẹ? Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìdílé ti rí àdéhùn wọn tún ṣe kí ẹjọ́ náà tó parí.

Kì í ṣe Chicago nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ti wáyé, bí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ti dáhùn rẹ̀ yàtọ̀. Maryland ti ṣe òfin tirẹ̀ láti 1951: bí olùrà bá ti san 40 nínú 100 owó ilé, ó lè ní kí á kọ ìwé ilé sí orúkọ òun, kí ìyókù di gbèsè lásán. Ohio ṣe tirẹ̀ ní 1969. Níbẹ̀, ẹni tí ó bá ti san owó fún ọdún márùn-ún, tàbí tí ó ti san 20 nínú 100, a kò lè lé e jáde bí ayálégbé mọ́. Àfi kí á gbé ilé lọ sí kóòtù bí ilé tí a fi dúró fún gbèsè.

Ní Indiana, adájọ́ ni ó ṣe é, kì í ṣe àwọn aṣòfin. Àwọn kan ti fi àdéhùn ra ilẹ̀ ní 36,000 dọ́là ní 1958. Wọ́n ti san 21,000 kí wọ́n tó kùnà. Àwọn tí ilẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn ní kí ilẹ̀ padà, kí owó sì dúró. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ìpínlẹ̀ náà kọ̀ ní 1973. Ó ní ìyà tí ó pọ̀ ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ ni. Kí wọ́n ta ilẹ̀ náà, kí ẹni tí ó tà á gba ìyókù owó rẹ̀, bí nǹkan bá sì ṣẹ́kù kí ó lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ó rà á. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ náà kò gbàgbé ẹni tí ń ta ilẹ̀. Ó ní bí olùrà bá san díẹ̀ tí kò tó nǹkan, tàbí tí ó fi ibẹ̀ sílẹ̀ sá lọ, a lè gba ilẹ̀ padà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ìwé ti wí. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Opó tí ń ta ilé kan ṣoṣo tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ kì í ṣe alágbàtà Lawndale, kò sì yẹ kí òfin fi ìyà alágbàtà jẹ ẹ́.

Illinois tí ọ̀rọ̀ náà ti gbóná jù ni ó pẹ́ jù. Lẹ́yìn tí owó ilé dàrú ní Amẹ́ríkà ní 2008, tí báǹkì gba ilé àìmọye padà lọ́wọ́ àwọn onígbèsè, àwọn ilé iṣẹ́ kan ra irú ilé bẹ́ẹ̀ lówó pọ́ọ́kú. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí fi àdéhùn àtijọ́ tà á, òmíràn nínú wọn ń pè é ní yíyá tí yóò di rírà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2018, òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Illinois fún àwọn tí ń fi irú àdéhùn yìí ṣòwò: wọ́n gbọ́dọ̀ lọ kọ àdéhùn náà sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba, olùrà tí ó bá sì kùnà ní 90 ọjọ́ láti fi wá owó tí ó jẹ. Àádọ́ta ọdún ti kọjá láti ìgbà tí Ruth Wells dìde sọ̀rọ̀.

Àwa náà ti ní àdéhùn yìí nílé báyìí. Ní oṣù kejìlá 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, nígbà tí Akinwunmi Ambode jẹ́ gómìnà, gbé ètò kan kalẹ̀ pé kí ayálégbé san 5 nínú 100 owó ilé sílẹ̀, kí ó sì máa san ìyókù lóṣooṣù fún ọdún mẹ́wàá, lẹ́yìn èyí tí ilé yóò di tirẹ̀. Ìjọba ni ó ni ilé níhìn-ín, kì í ṣe alágbàtà, ìyàtọ̀ ńlá sì ni ìyẹn. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ Èkó lè pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún keje gẹ́gẹ́ bí ti Chicago. Nítorí náà mo mú bírò, mo ṣírò rẹ̀. Ká ní owó oṣooṣù náà dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí a sì fi òṣùwọ̀n Ohio wọ̀n ọ́n, oṣù 19 ni olùgbé náà yóò ti san 20 nínú 100, tí a kò sì níí lè pè é ní ayálégbé mọ́. Bí a bá fi ti Maryland wọ̀n ọ́n, oṣù 45 ni yóò lè ní kí á kọ ìwé ilé sí orúkọ òun. Bí a bá sì fi ti Chicago ní 1961 wọ̀n ọ́n, ayálégbé ni yóò ṣì jẹ́ ní oṣù 119.